Kíláàsì ọjọ́ márùn-ún, fídíò, àbí olùkọ́ tó wá bá yín ní ọ́fíìsì: èwo ni kí ẹ ra fún àwọn tó ń bójú tó sáfà ímeèlì yín?

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún Exchange 2016 àti 2019, ètò tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń gba ímeèlì lórí sáfà tiwọn. Exchange SE (Subscription Edition), tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún yẹn kan náà, ló rọ́pò wọn. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ò ní pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ kó ímeèlì wa lọ sórí tuntun yìí. Níbo ni ká rán àwọn ọmọ IT wa lọ kọ́ ọ?” Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti fi owó ilé-iṣẹ́ wa dán wò: kíláàsì ọjọ́ márùn-ún ní Èkó, fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti olùkọ́ tó wá bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé ìpolówó wọn, ẹ lè kà á fúnra yín. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ dúró sí

Ẹ̀dà tí ẹ ń lò lọ́wọ́ ló máa sọ irú ẹ̀kọ́ tí ẹ nílò. Bí ẹ bá wà lórí 2019, tó sì ti dé CU14 tàbí CU15 (CU ni àkójọ àtúnṣe tí Microsoft máa ń gbé jáde), orí ẹ̀rọ kan náà lẹ ti máa ṣe é, bí ẹ ṣe máa ń fi CU sí i tẹ́lẹ̀. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ sí kíláàsì ọjọ́ márùn-ún torí ìyẹn. Bó bá jẹ́ 2016 ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹ máa gbé ẹ̀rọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, Windows Server 2019, 2022 tàbí 2025 ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, ẹ óò wá máa kó àpótí ímeèlì àwọn èèyàn lọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí 2013 bá ṣì wà nínú ilé yín, SE ò tiẹ̀ ní gbà kí ẹ gbé òun kalẹ̀ títí ẹ ó fi yọ ọ́ kúrò. Àwọn tó wà lórí 2016 àti 2013 ni ọ̀rọ̀ mi kàn jù, torí àwọn ló rọrùn fún láti fi owó gidi ra ẹ̀kọ́ tí kò bá ìṣòro wọn mu.

Ṣé sáfà àtijọ́ wà nínú làbù (ẹ̀rọ ìdánrawò)?

Ìbéèrè tí mi ò bi ẹnikẹ́ni nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, òun ló sì ná mi lówó.

Ìbàdàn la wà. Àpótí ímeèlì bí 140 ló wà lórí Exchange 2013 wa, àtìlẹ́yìn rẹ̀ sì máa parí ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin. Mo rán àwọn méjì tó ń bójú tó sáfà wa lọ sí Èkó, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Mo san owó kíláàsì, owó òtẹ́ẹ̀lì, owó mọ́tò. 20345-1 ni nọ́ńbà ẹ̀kọ́ tí wọ́n tà fún wa. Olùkọ́ náà mọṣẹ́, àwọn méjèèjì jẹ́rìí sí i. Wọ́n gbé sátífíkéètì àti ìwé ńlá kan bọ̀ wálé, inú mi dùn.

Ṣùgbọ́n nínú làbù kíláàsì yẹn, ilé tuntun tí ẹnikẹ́ni ò gbé rí ni gbogbo sáfà. Ẹ gbé Exchange kalẹ̀, ẹ dá àpótí ímeèlì sílẹ̀, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó dé. Ilé tiwa ní ayálégbé nínú, ọdún pípẹ́ ni wọ́n sì ti ń gbé ibẹ̀. Bí sáfà àtijọ́ àti tuntun ṣe ń gbé pọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ kejì, 20345-2. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ò bi wá léèrè ohun tí a fẹ́ lọ fi í ṣe, èmi náà ò sì sọ ọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, a gbé 2019 kalẹ̀. Èrò wa ni pé kó kàn wà níbẹ̀ títí di òpin ọ̀sẹ̀, a ò tíì kó ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Aago mọ́kànlá ò tíì lù tí obìnrin kan ní àkáńtì fi pè mí. “Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà mi ń sọ pé òun ò mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ o. Ṣé kí n tẹ Yes ni àbí kí n tẹ No?” Kí n tó dá a lóhùn, ẹlòmíì ti ń pè. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti tó èèyàn ogún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Bí ẹ bá ti gbé Exchange tuntun kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú Active Directory, ìwé orúkọ àwọn èèyàn àti ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, níbi tí Outlook (ètò tí àwọn èèyàn fi ń ka ímeèlì) máa ń wò kó lè mọ sáfà tó yẹ kí òun lọ bá. SCP ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ yẹn. Outlook rí orúkọ tuntun yẹn, ó sáré lọ síbẹ̀, ó wá bá sátífíkéètì (ìwé ìdánimọ̀ sáfà) tí sáfà náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, èyí tí kọ̀ǹpútà kankan nínú ọ́fíìsì ò fọkàn tán. Ìlà kan péré ni oògùn rẹ̀: Set-ClientAccessService, pẹ̀lú -AutoDiscoverServiceInternalUri, kí ẹ kọ àdírẹ́sì tí sáfà àtijọ́ ń lò síwájú rẹ̀. Bí sáfà tuntun bá ṣe ń dìde ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, kí Outlook tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta la fi wá ìlà yìí, tẹlifóònù ọ́fíìsì ò sì dákẹ́.

Ní alẹ́ Sátidé a bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpótí. Gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá kó lọ sórí sáfà tuntun ló máa kọ́kọ́ kọ sínú fáìlì log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń wọ dátábéèsì, MB kan ni fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kó 100GB, ẹ máa retí log tó sún mọ́ 100GB. 60GB ni dísìkì tí a yà sọ́tọ̀ fún log tiwa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, a ti to ohun tó tó 100GB sílẹ̀ fún alẹ́ ọjọ́ náà. Ní aago méjì òru, dísìkì kún, dátábéèsì já wálẹ̀, àwọn tí a ti kó lọ ò lè ṣí lẹ́tà kankan mọ́. Ọmọkùnrin wa ti ṣí fódà log náà, fáìlì tó ń lọ sí 60,000 tò lọ rẹrẹẹrẹ, ó ti fẹ́ máa pa wọ́n rẹ́. Mo ní kó gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Fáìlì log tí èèyàn bá fọwọ́ pa rẹ́, tí ohun inú rẹ̀ ò tíì wọ dátábéèsì, lè mú kí dátábéèsì náà má dìde mọ́. A fi àyè kún dísìkì, a gbé dátábéèsì dìde, a fi Windows Server Backup ṣe backup, òun ló sì kó àwọn log tí iṣẹ́ wọn ti parí kúrò nílẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ kí a tó parí.

Kò sí èyí tó le nínú méjèèjì. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn ọmọ yẹn gbọ́n, wọ́n sì fi ọkàn kọ́ gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Wọn ò rí irú rẹ̀ rí ni.

Nígbà tó wá kan ẹ̀ka wa ní Abẹ́òkúta, tó ní ètò ímeèlì tirẹ̀ lórí 2016, mo pe olùkọ́ lọ bá wọn níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí lórí fóònù ni, “Ẹ̀dà wo lẹ ń lò sà? CU mélòó? Ìgbà wo lẹ ṣe backup kẹ́yìn?” Kò tíì dárúkọ owó o. Ó ní ká wá ẹ̀rọ kan tí RAM rẹ̀ tó 64GB. Ó ti inú backup wa gbé ẹ̀dà domain controller (sáfà tó ń tọ́jú Active Directory) àti ẹ̀dà Exchange 2016 dìde lórí Hyper-V, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan gbé ọ̀pọ̀ sáfà sínú ara rẹ̀, ó fi wọ́n sórí private switch, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdádó inú ẹ̀rọ náà, kò sí ohunkóhun tó so wọ́n mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Inú ẹ̀dà ilé tiwa gan-an ni wọ́n ti gbé SE kalẹ̀. Ó jẹ́ kí ìkìlọ̀ Outlook yẹn yọ, ó káwọ́ gbera, ó ní, “Àkáńtì ló wà lórí fóònù báyìí. Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn?” Ó mọ̀ọ́mọ̀ fún log ní dísìkì kékeré kó lè kún lójú wọn. Níbi tí wọ́n ti ń wo receive connector (ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà wọlé) sáfà àtijọ́ ni wọ́n ti rí àdírẹ́sì ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ẹ̀ka náà: sáfà yẹn ló ń bá a fi ìwé tó bá ṣe scan ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Kíláàsì wo ló máa kọ́ yín ní ti fọ́tòkọ́pì yín?

Ní ọjọ́ kẹta, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó jókòó. Àwọn ọmọ náà tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Sátidé tí a ṣe ti gidi, mo ti dé ilé kí wọ́n tó pe ìrun alẹ́.

Ewu méjì ló wà nínú ọ̀nà yìí, ẹ má sì fojú kéré wọn. Bí ẹ̀dà domain controller yẹn bá kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi, wàhálà tó máa dá sílẹ̀ ju èyí tí ẹ ń sá fún lọ. Kí olùkọ́ fi hàn yín pé ó wà lórí private switch kó tó tàn án. Ìkejì, lẹ́tà gidi àwọn èèyàn ló wà nínú ẹ̀dà yẹn, òfin ààbò dátà ọdún 2023 sì wà ní Nàìjíríà. Kí olùkọ́ fọwọ́ sí ìwé àṣírí, kí ẹ̀rọ náà má kúrò nínú ọ́fíìsì, kí ẹ sì nù ún mọ́ tónítóní bí iṣẹ́ bá ti parí.

Ohun tí kíláàsì ní tí àwọn yòókù ò ní

Ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún gbáko, kò sẹ́ni tó máa pe ọmọ yín pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò tẹ̀wé. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n pè wọ́n tó ìgbà mẹ́rin lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan, àfìgbà tí mo bá máníjà sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá tíì mọ PowerShell (ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún sáfà), tí MX àti SPF (àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí ímeèlì yín máa dé sí àti sáfà tó lè fi í ránṣẹ́ lórúkọ yín) ṣì ń rú lójú, kíláàsì ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kí ẹ rí i pé nọ́ńbà ẹ̀kọ́ tí ẹ ń ra ni ó kan iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe.

Fídíò àti kíkà fúnra ẹni

Owó rẹ̀ ló kéré jù, Microsoft Learn, ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ lè lo Exchange fún ọjọ́ 180 láìsan kọ́bọ̀, Windows Server náà bẹ́ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ bá tó 32GB á gbé làbù kékeré. Bí sáfà àtijọ́ ò bá sí nínú làbù yìí náà, ibi tí kíláàsì já wa sí ló máa já yín sí.

Ibi tí mo ti gbà fún un ni pé ẹni tó bá ti mọ́ lára láti máa kà ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2022, lẹ́tà há sórí sáfà Exchange 2016 àti 2019 káàkiri ayé, torí pé nọ́ńbà tí ẹ̀rọ tó ń wá fáírọ́ọ̀sì fi ọjọ́ náà kọ, 2201010001, ti ju 2147483647 tí àyè rẹ̀ lè gbà lọ. Tiwa ṣì wà lórí 2013, kò kàn wá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń kàwé lóru ti pa àyẹ̀wò náà tì kí ọ̀gá rẹ̀ tó jí lọ́jọ́ ọdún tuntun. Kíláàsì kankan ò lè fún yín ní ìyẹn. Àmọ́ ẹni tí mo sanwó fídíò ọdún kan fún, mọ́kànlá péré ló wò. Iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè.

Àwọn tó kù

Sátífíkéètì: Microsoft ti fi òpin sí ìdánwò Exchange wọn, 70-345, láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2021, nítorí náà kí ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ léèrè bóyá ti Microsoft ni wọ́n ń ṣèlérí àbí ti ara wọn. Iná: kíláàsì ló borí, ní ọ́fíìsì, ẹ máa ka owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Iye èèyàn: bí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ bá lé ní mẹ́ta, olùkọ́ tó wá bá yín lè máà wọ́n ju kíláàsì lọ, bí ẹ bá ka òtẹ́ẹ̀lì àti mọ́tò mọ́ ọn.

Èwo ni kí ẹ ra?

Ẹni tó wà lórí 2019, fídíò tó o, kó fi Sátidé kan dán an wò lórí làbù. Ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì rọ̀ nínú iṣẹ́, kó rán wọn lọ sí kíláàsì, ó dára, mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní sáfà àtijọ́ tó fẹ́ kó kúrò lórí rẹ̀, tí iṣẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ dúró, olùkọ́ tó máa wá gbé ẹ̀dà ilé yín dìde ni kó wá, bí owó rẹ̀ bá tiẹ̀ ju ti kíláàsì lọ díẹ̀. Kí ẹ san ìlàjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìlàjì tó kù, ẹ dì í mú sọ́wọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ yín bá ti dá a ṣe níṣojú rẹ̀.