Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe, níbi tí àbúrò mi ti ṣe IT l'Óṣogbo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ibi tí ọmọ yín máa ti ṣe IT, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ níta iléèwé, ẹ gbìyànjú ṣọ́ọ̀bù kan lápá Ọláìyá. Àbúrò mi tó wà ní poli ló lọ síbẹ̀ fún SIWES, ìyẹn ètò IT náà, olóṣù mẹ́rin, ẹ̀rù ṣáà ń bà á pé òun máa ba nǹkan oníbàárà jẹ́, kò tiẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀gá wọn ò jágbe mọ́ ọn o, bọ́ọ̀dù inú láptọ́ọ̀pù tó ti kú ló kó fún un, ó ní kó tú u, kó tún un tò, tó bá bàjẹ́ kò sẹ́ni tó máa bínú. Ìyẹn wú mi lórí gan-an! Ohun tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ṣe dá SIWES sílẹ̀ ní 1973 ṣáà nìyẹn, kọ́mọ fọwọ́ ara ẹ̀ kan iṣẹ́.

Ìgbà tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀ ni wọ́n tó gbé ti oníbàárà fún un, ọ̀gá á dúró tì í, wọ́n á kọ́kọ́ yọ bátìrì, ibi tíṣẹ́ bá sì ti yíwọ́, á kọ ọ́ sínú logbook, ìwé tó ń kọ iṣẹ́ tó ṣe sí, wọn ò ní kó fi pa mọ́.

Owó ọkọ̀ tí wọ́n ń fún wọn kéré, tí NEPA bá sì múná lọ ooru ibẹ̀ pọ̀. Àmọ́ àbúrò mi ló pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù mi báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ tètè lọ bèèrè, wọn kì í gba ọmọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.