Hẹ́dà Gígùn Lábẹ́ Corvette Z06 ti Ọdún 2004: Ohun Tí Ojú Mi Rí Láàárín Oṣù Mẹ́jọ

Hẹ́dà, ìyẹn àwọn páìpù tó ń gba èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì, tó bá ọkọ̀ kan mu lè di wàhálà lábẹ́ òmíràn, nítorí náà ọkọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Corvette Z06 ti ọdún 2004 ni tèmi. Ẹ́ńjìnnì LS6 ló wà nínú rẹ̀, V8 oní-lítà 5.7 tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kà sí agbára ẹṣin 405, gíyà mánúà mẹ́fà ló sì ń gbé e. Houston ni mò ń gbé, mo sì máa ń wà á lọ síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbé e lọ sí pápá ìsáré, èyí sì ni ohun tí mo fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà tí mò ń yan páìpù.

Mánífóòdù irin dídà tó bá ọkọ̀ náà wá kúrú, èéfín sílíńdà mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ kan sì máa ń pàdé nínú rẹ̀ kí ó tó ráyè rìn, tí wọ́n á máa ti ara wọn sẹ́yìn. Hẹ́dà gígùn máa ń fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀, tí gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bọ́ sínú ọrùn kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní ínǹṣì 3. Nígbà tí ìgbì èéfín bá dé ọrùn náà, ìgbì mìíràn tó ń fa nǹkan mọ́ra máa ń padà gòkè lọ bá fáàfù; bí ó bá dé ní àkókò díẹ̀ tí fáàfù ìwọlé àti ti ìjáde jọ ṣí sílẹ̀, á fa èéfín tó ṣẹ́kù jáde, á sì fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Nítorí ìgbì yẹn la ṣe ń náwó.

Páìpù oní-ínǹṣì 1¾ àti oní-ínǹṣì 1⅞ ni wọ́n sábà máa ń tà fún ọkọ̀ yìí. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní kí n ra èyí tó fẹ̀ jù, wọ́n ní bí mo bá yí kámù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, padà lọ́jọ́ iwájú, n ò ní tún hẹ́dà rà. N ò gbà. Bí páìpù bá fẹ̀ ju bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí lọ, èéfín á máa rọra rìn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì yára, ọkọ̀ á sì máa ṣe bí ọmọdé tó wọ agbádá bàbá rẹ̀. Oní-1¾ ni mo rà, ọ̀kan tí wọ́n fi irin 304 tí kì í tètè dípẹtà ṣe. Irin lásán tí wọ́n fi sẹ̀rámíìkì bò kò wọ́n tó o, ó sì ń dín ooru kù, ṣùgbọ́n bí ohun tí wọ́n fi bò ó bá ti ṣí níbì kan, ìpẹtà ti ríbi wọlé. Dọ́là 2,380 ni mo san, pẹ̀lú páìpù onírísí X tó so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ àti kátálíìsì méjì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́.

Ẹ má yọ kátálíìsì sọnù. Nílé, mo mọ àwọn tó gé tiwọn tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Níbí, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà á, ìjọba ìbílẹ̀ Harris tí mo wà sì wà lára àwọn tí a ti ń so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ láti yẹ èéfín rẹ̀ wò. Salẹ́ńsà tó bá ọkọ̀ náà wá ni mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn, nítorí taiténíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, ó sì fúyẹ́ ju ohunkóhun tí owó mi lè rà.

Àbúrò ìyàwó mi, tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, ni a jọ ṣe é ní gáréèjì mi, ọjọ́ méjì gbáko sì ni. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá ni kí ẹ tú bóòtù mánífóòdù, nítorí álúmíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì náà, bóòtù tó bá sì ṣẹ́ sínú rẹ̀ lè gba ọjọ́ mìíràn lọ́wọ́ yín. A fi epo atúpẹtà sí i mọ́jú. Ihò tí wọ́n dìídì ṣe sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ ti fi jáàkì gbé e, kí ẹ kọ́kọ́ ki nǹkan róbótó tí wọ́n ń tà fún un bọ ihò náà, torí ara Corvette kì í ṣe irin, ó lè sán. Lẹ́yìn èyí ni a yọ bátìrì, kọ́ìlì, plọ́ọ̀gì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì àti sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ìsàlẹ̀ ni hẹ́dà ti gòkè wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rọrùn. Ti òsì, níbi tí irin ìdarí wà, ni a ti jìyà.

Bóòtù mẹ́fà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti àárín ni a ti bẹ̀rẹ̀ lọ sí etí, a kọ́kọ́ dè wọ́n dé 11 lb-ft (òṣùwọ̀n bí bóòtù ṣe le tó), lẹ́yìn náà 18, kò sì gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń dí àárín hẹ́dà àti ẹ́ńjìnnì, tó wà nínú páálí jọ bébà lójú mi, mo sọ ọ́ nù, mo sì lọ ra ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà, èyí tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ní ìpele ìpele. Kí a tó tanná sí i, a fi sípíríìtì nu ara páìpù náà mọ́, nítorí òróró ìka ọwọ́ máa ń jóná mọ́ irin yẹn, àpá rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta ni mo gbọ́ ìró kan: tẹ́-tẹ́-tẹ́, lówùúrọ̀ nìkan, tí á sì dákẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Ọkàn mi já. Lífítà, ohun tó ń ti fáàfù nínú ẹ́ńjìnnì, ló wá sí mi lọ́kàn, iye owó tí n ò tíì ná sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú mi. Àbúrò mi ki ọ̀pá rọ́bà kan bọ etí, ó ń fi ẹnu rẹ̀ kejì tọ ara ẹ́ńjìnnì kiri, ó sì dìde.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí nínú ẹ́ńjìnnì. Èéfín ló ń jò. Ẹ jẹ́ ká tún un tú.”

A tú u. A gbé rúlà irin lé ojú irin pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, àlàfo tó sì wà láàárín tó ìdajì mìlímítà. Irin náà nípọn ní ínǹṣì ⅜ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ooru ìgbà tí wọ́n ń jó páìpù mọ́ ọn ti tẹ̀ ẹ́, wọn ò sì lọ̀ ọ́ títẹ́ kí wọ́n tó dì í sí páálí. Jíjò yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo nìkan: láàárín ìgbì méjì ó máa ń fa afẹ́fẹ́ òde wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rò pé epo ò tó, kọ̀ǹpútà á sì máa da epo kún un lásán. Ẹni tó tà á fún mi ní òun máa gbà á padà bí mo bá san owó ìfiránṣẹ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ irin ní tèmi, dọ́là 90 ni wọ́n gbà, ìró náà kò sì padà wá mọ́. Bí mo bá tún fẹ́ ra hẹ́dà lónìí, rúlà ni màá kọ́kọ́ gbé lé e lórí tábìlì, kí n tó wo bí ó ṣe ń dán.

Lẹ́yìn tí a tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣètò, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára níbi táyà ẹ̀yìn fi agbára ẹṣin 374 hàn; 349 ló wà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,500 láàárín ìṣẹ́jú kan lọ sókè. Lábẹ́ èyí, n ò lè búra pé ohunkóhun yí padà. Ìdùn rẹ̀ kún, ó sì dára, àyàfi ní gíyà kẹfà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní nǹkan bí 1,900, tí á máa hùn nínú ọkọ̀ bí oyin inú ilé. Ooru ló burú jù. Ibi tí ọ̀pá gíyà wà ti máa ń gbóná tẹ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí. Ní oṣù Ògún ní Houston, omi inú ike tí mo gbé síbẹ̀ ṣeé fi po ẹ̀kọ. Mo ti fi aṣọ agbooru wọ fìlà wáyà plọ́ọ̀gì sílíńdà keje, èyí tó sún mọ́ páìpù jù.

Iná ẹ́ńjìnnì tàn lẹ́ẹ̀kan, kóòdù P0430 ni, èyí tó ń sọ pé kátálíìsì kan kò ṣiṣẹ́ tó, kò sì tún tàn mọ́ lẹ́yìn tí a dí jíjò yẹn. Ó yege nínú àyẹ̀wò èéfín, ṣùgbọ́n mo ní láti wà á fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí a so bátìrì padà, kí kọ̀ǹpútà lè parí àyẹ̀wò tirẹ̀ ná. Bóòtù mẹ́ta ló ti dẹ̀ nígbà tí mo yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn 500 máìlì. Nígbà tí mo tún yẹ̀ wọ́n wò lóṣù tó kọjá, ọ̀kan ṣoṣo ló mira, bóòtù ìkẹyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, níbi tí ọwọ́ kì í fẹ́ẹ́ dé.