Géèjì tí mo fi wọn agbára epo nígbà tí Corolla mi kọ̀ tí kò stáàtì

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀ o. Corolla 2005 ni mo ń wà n'Ìbàdàn níbí, àárọ̀ Mọ́ńdè kan báyìí mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ń kíìkì dáadáa ṣùgbọ́n kò gbiná. Bátìrì le, plọ́ọ̀gì ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Mẹ́káníìkì dé, kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ó gbé etí lé sítì ẹ̀yìn, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́ nǹkan kan, pọ́ọ̀ǹpù epo ti kú, ẹ lọ ra òmíì ní Gate." Mo ní ṣé o wọ̀n ọ́n ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló jẹ́ kí n lọ ra géèjì tó ń wọn agbára tí pọ́ọ̀ǹpù fi ń ti epo, torí Toyota tèmi yìí, ìgbà téèyàn bá ń kíìkì ni pọ́ọ̀ǹpù ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá fetí sí i ní ON títí ilẹ̀ fi ṣú ẹ ò lè gbọ́ nǹkan kan.

₦18,000 ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú àpótí ike ló wà, rọ́bà gígùn àti ẹnu irin lóríṣiríṣi, àmọ́ ibi tó ti bí mi nínú nìyí: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹnu yẹn, mọ́tò tó ní ihò àyẹ̀wò lórí réèlì injector (páìpù tó ń pín epo fún àwọn injector tó ń fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìnì) ni wọ́n ṣe é fún. Corolla mi ò ní in jàre. Páìpù epo lẹ máa já, kẹ́ ẹ wá ki ẹnu tó dà bíi T yẹn sáàárín, ẹni tó tà á ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi wá èyí tó bá a mu.

Kẹ́ ẹ tó já páìpù náà, ẹ yọ rílè tó ń gbé iná fún pọ́ọ̀ǹpù, ẹ kíìkì ẹ̀ díẹ̀ kí agbára epo lè rọlẹ̀, ẹ yọ orí bátìrì, kẹ́ ẹ sì fi àkísà bò ó torí ó ṣì máa ta. Onísìgá kankan ò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀.

Àbúrò mi kíìkì, géèjì ka 20. Àmọ́ láti inú páálí ni ọwọ́ ẹ̀ ti wà lórí 2 (wọ́n á ní tuntun ni o!), torí náà 18 psi ni (psi ni wọ́n fi ń ka agbára yẹn). 44 sí 50 ló yẹ kó jẹ́. Ah! Pọ́ọ̀ǹpù tó kú ò lè ti epo dé 18, nǹkan kan ló ń fún un lọ́rùn. Rewáyà fi míta wo wáyà ẹ̀ lábẹ́ sítì ẹ̀yìn nígbà tá à ń kíìkì, iná ń dé ibẹ̀ dáadáa. La bá yọ pọ́ọ̀ǹpù síta. Asẹ́ kékeré tó wà nídìí ẹ̀ dúdú kirikiri, mo fi èékánná ha á, ẹrẹ̀ ló ń bọ́, ó ń yọ̀ bí ilá. Epo inú kẹ́ẹ̀gì tí mo rà nígbà tí epo wọ́n nìyẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á.

Asẹ́ nìkan la pààrọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló gbiná, géèjì lọ sí 49, ìyẹn 47. Mo pa á, mo dúró ìṣẹ́jú 5, ó ṣì wà lókè 35, 21 ni ò gbọdọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀, nítorí náà kò sí injector tó ń jò.

Mo fún géèjì náà ní 3 nínú 5. Ìdí rọ́bà ẹ̀ ń sun epo díẹ̀díẹ̀, àfi ìgbà tí mo fi kílíìpù tuntun dè é. Mẹ́káníìkì yẹn pè mí lánàá, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú géèjì yẹn dání, Camry kan wà nílẹ̀ tí ò stáàtì." Mi ò tíì dá a lóhùn.