Ẹgbẹ́ tíátà àdúgbò wa n'Ìbàdàn: ẹ lọ wo eré wọn, ẹ dẹ̀ lọ ṣe ọ́díṣọ̀n tó ń bọ̀ yìí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí, aṣọ ìgbéyàwó tó wà nílẹ̀ ni ò jẹ́ kí n ráyè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ránṣọ ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí tí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tíátà kan tó wà ládùúgbò wa l'Ókè-Àdó níbí ni, àwọn tó ń lo gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan nírọ̀lẹ́ Sátidé. Eré wọn mẹ́ta ni mo ti wò, mo dẹ̀ lọ ṣe ọ́díṣọ̀n fúnra mi lóṣù tó kọjá, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Kí n tètè sọ ti ọ́díṣọ̀n torí òun làwọn èèyàn ń bi mí jù. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa rà, kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ mówó rìhẹ́sà wá. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé lọ́dún bíi mẹ́fà sẹ́yìn mo lọ síbì kan, n ò ní dárúkọ wọn, wọ́n gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́wọ́ gbogbo àwa tá a wá, a kọ orúkọ, wọ́n yà wá ní fọ́tò, wọ́n ní ká máa lọlé wọ́n á pè wá, ẹnikẹ́ni ò pè wá dòní. Owó yẹn dùn mí o, ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé wọn ò tiẹ̀ gbọ́ ohùn mi. Èèyàn á kọ́ ọ̀rọ̀ sórí mọ́jú, á dé'bẹ̀ láago méje àárọ̀, á dúró sóòrùn, wọn ò dẹ̀ ní ní kó yanu sọ̀rọ̀ ẹyọ kan.

Níbí, gbogbo ẹni tó wá ni wọ́n gbọ́, títí dórí ìyá àgbà kan tó ní òun kàn sin ọmọ ọmọ òun wá ni. Wọ́n á kọ́kọ́ fún yín ní ìwé ojú kan pé kẹ́ ẹ kà á, tí ẹ ò bá mọ̀wé kà wọ́n á kà á sí yín létí, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti Bàbá Onílù. Bàbá jókòó síkọ̀rọ̀ yàrá pẹ̀lú dùndún lábíyá, wọ́n á lu gbólóhùn kan, ẹ̀yin lẹ máa fẹnu sọ ohun tí ìlù sọ, ẹ ó wá dá a lóhùn bí ẹni tínú ń bí tàbí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó wà níwájú mi, ó dà bíi pé ilé òyìnbó ni wọ́n ti tọ́ ọ n'Ìbàdàn níbí, ìlù dún, ó wo ilẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá tún un lù, ó ní òun ò gbọ́. Bàbá wá rọra lù ú bí ẹni tó ń fi nǹkan sọ́mọ lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn, ọmọ náà bá gbójú sókè ó ní "Ẹní bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ!" Ariwo ayọ̀ tá a pa, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Ọmọ yẹn ti wà nínú eré báyìí o.

Ìgbà tó kàn mí, mo ṣe tèmi, ọjọ́ kẹrin ni wọ́n pè mí. Àǹtí tó ń darí wọn fúnra wọn ló pè, wọ́n ní ohùn mi dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn dáadáa, ṣùgbọ́n mo máa ń yára tí gbólóhùn bá ti ń parí lọ, kí n máa fèémí sí i. Wọ́n fi mí sáàárín àwọn obìnrin ọjà. Àwọn tí wọn ò mú náà, wọ́n pè wọ́n, wọ́n sọ ìdí ẹ̀ fún wọn, ọ̀rẹ́ mi tó ń tajà ní Gbági wà lára wọn, kò bínú rárá, ó ní òun á tún lọ nígbà míì tí wọ́n bá pe àwọn àgbà. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe èèyàn nìyẹn.

Eré tí wọ́n ń múra ẹ̀ báyìí, ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni, ìtàn Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní a ti gbọ́ ìyẹn tì, kò sọ́mọ Ìbàdàn tí wọn ò fi dẹ́rù bà ní kékeré, obìnrin ìkà tó ń bẹ́ ẹrú lórí. Àwọn wọ̀nyí jókòó fúnra wọn ni wọ́n kọ tiwọn, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ló mú mi lọ́kàn: ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìyálóde ní kú sórí ìkúnlẹ̀. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Obìnrin tó ń ṣe Ìyálóde jókòó sórí àpótí, ọ̀já tí wọ́n ti hun sílẹ̀ de ọmọ ọmọ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó wé e mọ́ ọwọ́, ó tú u, ó tún wé e, agbẹ̀bí dúró sẹ́nu ọ̀nà kò lè wọlé, ìlù dákẹ́ pátápátá. Rìhẹ́sà lásán nìyẹn o, iná tíùbù funfun là ń lò, pẹ̀lú ẹ̀ náà mo ń nu ojú mi.

Wọn ò fi ìkà tó ṣe pamọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ ká rántí pé oníṣòwò ni, Ẹ̀gbá ni orírun ẹ̀, ìbọn àti ẹ̀tù wà lára ohun tó ń tà, àwọn jagunjagun Ìbàdàn ń gbà á láwìn lọ́wọ́ ẹ̀ lọ sójú ogun. Òun àti Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn nígbà yẹn, bá dìjà, wọ́n yọ ọ́ lóyè, lọ́dún 1874 àwọn ẹrú inú ilé ẹ̀ ló pa á. Àwa obìnrin ọjà la máa ń bèèrè lórí ìtàgé pé ta ló jẹ ta lówó gan-an? Mo ti ń gba Challenge kọjá lójoojúmọ́ tí mo ń rí ère obìnrin yìí, ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó dáadáa.

Ẹ jẹ́ n sọ ti èdè náà. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá tó já geere, kì í ṣe èyí tí wọ́n á sọ ẹyọ kan tán wọ́n á fi òyìnbó méjì lé e. Tẹ́ ẹ bá ṣi ohùn gbé, pé ẹ pe ọkọ̀ ní ọkọ́, Àǹtí á dá eré dúró, ẹ ó tún un pè títí tó fi máa gún.

Àwọn kan ń sọ fún mi pé tíátà inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé lásán ni, kí ló wà ńbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Níbo làwọn tá à ń gbóríyìn fún ti bẹ̀rẹ̀? Olóyè Hubert Ògúǹdé, ọlọ́pàá ni wọ́n, eré àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1944, ti ìjọ wọn ni wọ́n ṣe é fún, ó di 1945 kí wọ́n tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ gbájú mọ́ eré. Dúró Ládípọ̀ náà, tíṣà ni wọ́n, ilé ọtí tiwọn l'Óṣogbo ló di Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, lọ́dún 1962. Kò séyìí tó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé aláràbarà nínú wọn.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó wà o, n ò ní tan yín. Aago mẹ́rin ni wọ́n kọ sára pátákó, aago márùn-ún ti lọ dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo lọ ni. Ẹni tó kó ọmọ dání, tó dẹ̀ máa wọkọ̀ padà sí Ọjọ́ọ̀, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tẹ́ ẹ bá jókòó sápá òsì ẹ ò ní gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ lọ. Ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ọdẹ, ẹ tètè wá a kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà eré kejì tí mo lọ wò, òjò dé sórí páànù gbọ̀ngàn, máìkì ò ran nǹkan kan, à ń wo ẹnu wọn bí ẹní ń wo ẹja. Mo rò pé wọ́n máa tú wa ká ni. Gbogbo wọn ló sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá sáàárín wa, àwa náà fa àga sún mọ́ra, wọ́n ṣe èyí tó kù lójú ẹsẹ̀ wa, mo fọwọ́ kan etí aṣọ ọba. Dádì àwọn ọmọ tí wọn kì í fẹ́ràn tíátà, òun ni wọ́n ń sọ kiri ilé fún odindi ọ̀sẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni, ọmọdé ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹnu ọ̀nà lẹ ti máa rà á. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré mọ̀ pé wọn kì í sanwó o, owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń fúnni, rìhẹ́sà dẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni, tí ọ̀gá yín ò bá ní gbà kẹ́ ẹ tètè kúrò níbi iṣẹ́ ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ. Àwọn tí wọ́n ń wá jù báyìí ni ọkùnrin tó lè sun rárà, àti ìyá tó ti lé láàádọ́ta ọdún, wọ́n ní àwọn ọmọge ló pọ̀ jù.

Ọ́díṣọ̀n tó ń bọ̀, Sátidé tó máa tẹ̀lé èyí ni, aago mẹ́wàá àárọ̀, ti àwọn ọmọdé ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Eré Ìjàpá ni wọ́n fẹ́ ṣe nígbà họlidé. Ẹ wọ aṣọ tó fúyẹ́ fún wọn, ẹ fún wọn lóúnjẹ jẹ kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n dẹ̀ mọ orin àlọ́ kan, ó kéré tán. Tèmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti pinnu pé Yánníbo lòun máa ṣe. Bí mo ṣe ń kọ eléyìí ó wà lẹ́yìn mi, ìborùn mi ló fi so ìró, ó ń bẹ Ìjàpá kó má lọ sóko olóko.