Òjé, páànù àbí rọ́bà: èwo lẹ fẹ́ rà síbi tí ṣímínì (ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde) ti yọ lórí òrùlé, kójò má bàa jò wọlé níbẹ̀?

Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ wò ó bóyá bíríkì ni ṣímínì yín àbí páìpù irin, torí ohun tó dáa fún ọ̀kan lè má wúlò kankan fún èkejì.

Tó bá jẹ́ bíríkì, lójú tèmi òjé lọ̀gá. Ó rọ̀, ẹ lè máa fi òòlù onígi lù ú díẹ̀díẹ̀ títí táá fi lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ó sì lè lò ju 50 ọdún lọ. Wàhálà ẹ̀ ni pé ó wúwo, ó lóró (ẹ fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ o!), bóòrùn bá sì pa á, ó máa ń fẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í lo ẹyọ kan tó gùn ju mítà 1.5 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ya. Àlùmínọ́ọ̀mù fúyẹ́, kì í dípẹtà bí irin, àmọ́ sìmẹ́ńtì tútù máa ń jẹ ẹ́, mo ti rí èyí tó lu bí asẹ́. Páànù onísíǹkì le dáadáa, owó ẹ̀ náà mọ níwọ̀n, ojú ibi tí wọ́n bá ti gé e ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí ó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ rà á ní ìpele méjì: àwọn kéékèèké tó ń wọ abẹ́ táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan bí àtẹ̀gùn, àtèyí tí wọ́n máa kì bọ àárín bíríkì kó lè bo ti ìsàlẹ̀. Káfíńtà tó bá ní òun á kàn fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù lẹ ọ̀kan ṣoṣo mọ́ ògiri, ẹ ní kó máa lọ sílé.

Ti páìpù irin ni rọ́bà tó rí bíi kóònù. EPDM, ìyẹn irú rọ́bà dúdú kan, ò fẹ́ kí ooru ju bíi 100°C lọ fún ìgbà pípẹ́, rọ́bà tí wọ́n fi sílíkóònù ṣe lè gbà tó 200°C, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń dáná igi, ẹ má wo EPDM lẹ́ẹ̀mejì. Páìpù tí ara ẹ̀ jẹ́ ìpele irin kan ṣoṣo, tó ń gbóná janjan? Ẹ fi rọ́bà sílẹ̀, kóònù irin ni kẹ́ ẹ rà, pẹ̀lú ọ̀rùka tó ń bò ó lórí bí agboòrùn, torí páìpù gbọ́dọ̀ ráàyè fẹ̀.

Ọ̀dà inú agolo ńkọ́? Tó bá ń jò lóru tójò sì ń rọ̀, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n oòrùn á jẹ́ kó sán, ẹni tó bá sì wá ṣe é dáadáa lọ́jọ́ iwájú á ha ọ̀dà yẹn títí ọwọ́ á fi bó.