Orúnkún ló ń dùn mí, àtẹ́lẹsẹ̀ ni nǹkan wà: oṣù mẹ́fà pẹ̀lú ìtẹ́nú bàtà

Ọmọ Hausa tó ń tún bàtà ṣe lẹ́bàá ọjà Kubwa ní Àbújá ló kọ́kọ́ rí i. Ó yí bàtà mi dé, ó fìka kan ibi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, ó ní, “Màmá, ẹ̀gbẹ́ inú yìí náà ni. Bàtà kẹta rèé.” Mi ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Orúnkún ọ̀tún ló ń yọ mí lẹ́nu. Tí mo bá fi ìdúró kọ́ àwọn ọmọ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, àfi kí n di irin àtẹ̀gùn mú kí n tó lè sọ̀ kalẹ̀. Mo ń fi Robb pa á, mo sì ń lo oògùn ìrora ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀dọ̀ físíò kan, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń fi eré ìdárayá wo ìrora ara, ní Utako ni àṣírí ti tú. Ọmọbìnrin náà ò tiẹ̀ fọwọ́ kan orúnkún. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bọ́ bàtà, ẹ kẹ̀yìn sí mi.” Ó ní kí n ti ẹsẹ̀ bọ omi, kí n fi tẹ pépà. Gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ló hàn pátá, pẹlẹbẹ bíi pátákó. Ti òsì ṣì fà wọnú díẹ̀. Ó ní egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan, ibi tó gbé sókè láàárín wọn ló sì ń gba ìwúwo wa mọ́ra. Tó bá ti wó, kókósẹ̀ á yẹ̀ sínú, egungun ojúgun á yí tẹ̀ lé e, orúnkún á wọ sínú, ìbàdí náà á bá a lọ. Abájọ tí ẹ̀yìn fi ń ro mí tí mo ní ọjọ́ orí ni! Kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ ló ń jìyà o. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ti ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn sì sábà máa ń pẹlẹbẹ.

Wọ́n ní kí n tẹ fóòmù rírọ̀ kan nínú àpótí, bí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ṣe rí ni wọ́n fi gé ìtẹ́nú bàtà, ìyẹn ohun tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà láti gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ró, fún mi ní Wuse. ₦85,000. Ó dùn mí nígbà tí mo san án. Ó tún dùn mí jù nígbà tí etí rẹ̀ bó mi lẹ́sẹ̀ títí tó fi lé ròrò, tí ẹni tó ṣe é sì ní ara mi ni kò tíì mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọkọ̀ láti Kubwa lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó wá gbà láti fá a, kò gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Wákàtí kan ni mo fi wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, mo wá ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Físíò ní kò gbọ́dọ̀ dá ṣiṣẹ́: mo ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ká táwẹ́ẹ̀lì nílẹ̀ láràárọ̀, mo sì ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀ ní ìgbà 15. Ọ̀sẹ̀ tí mo pa eré yìí tì, orúnkún jẹ́ kí n mọ̀. Ní báyìí, mi ò di irin mú mọ́.

Ìtẹ́nú náà ń gbóná lásìkò ooru, kò sì ṣeé fi sínú sálúbàtà. Tí mo bá wọ sálúbàtà lọ sóde ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, títí Ọjọ́ Ajé ni mo ń mọ̀ ọ́n lára. Mo fún ìtẹ́nú náà ní 4 nínú 5. Èyí tí wọ́n ń tà lójú títì, mo ti rà á rí, ó ti tẹ̀ pẹrẹsẹ kí oṣù tó pé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ físíò, ẹ mú bàtà tẹ́ ẹ ń wọ̀ jù dání.