Àyẹ̀wò PCR fún ẹ̀jẹ̀ ológbò: ohun tí mo rí ní ilé ìwòsàn ẹranko kan ní Àkúrẹ́

Nígbà tí ológbò mi kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí mo sì ṣí ètè rẹ̀ tí mo rí i pé erìgì rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ tútù, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko kan ní Alágbàká. Dókítà tẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí gíláàsì, ó wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù, kò rí nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé, "Mà, bí a kò tilẹ̀ rí i, ó ṣì lè wà níbẹ̀," ó sì ní kí a fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò PCR. Mo yìn wọ́n fún òtítọ́ yẹn ju ohun gbogbo lọ.

Mycoplasma haemofelis, bakitéríà tí dókítà fura sí, máa ń lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, iye rẹ̀ a sì máa pọ̀, a sì máa dín kù láàárín ọjọ́ díẹ̀, débi pé ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lónìí lè mọ́ lójú maikirosikóòpù, kí ti ọ̀tunla sì kún fún un. Kò ṣeé tọ́ dàgbà ní yàrá àyẹ̀wò bí ọ̀pọ̀ bakitéríà mìíràn. DNA rẹ̀, ìyẹn ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ni PCR, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, Kary Mullis, ronú kàn ní 1983, ń wá: ẹ̀rọ náà á gbóná, á sì tutù léraléra, DNA náà á máa di ìlọ́po méjì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà 30, ẹyọ kan ṣoṣo lè di nǹkan bí bílíọ̀nù kan.

Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ náà mọ iṣẹ́. Ó fá irun ọrùn rẹ̀ díẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ elésè àlùkò, ó rọra ń dà á síwá sẹ́yìn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, ó sì gbé e sínú kúlà. Àṣìṣe tó dùn mí ni pé kí ó tó débẹ̀, ẹlòmíràn ti fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ oògùn bakitéríà. Èmi ni mo ní kí ó dúró, nítorí oògùn yẹn lè mú kí bakitéríà dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, kí àyẹ̀wò sì sọ pé kò sí àrùn. Àbájáde dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n kàn kọ sórí ìwé pé wọ́n rí i, wọn kò dárúkọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà lọ bèèrè. Ìbéèrè náà kì í ṣe àṣejù: haemofelis lè dá àìtó ẹ̀jẹ̀ tó le sílẹ̀, nígbà tí haemominutum, ìbátan rẹ̀, kì í sábà ṣe ológbò tí ara rẹ̀ le ní nǹkan kan.

Haemofelis ni. Doxycycline, oògùn bakitéríà, ni wọ́n fún mi, wọ́n sì fi síríǹjì omi hàn mí, pé kí n fún un lómi mu lẹ́yìn oògùn kọ̀ọ̀kan, nítorí oògùn náà lè há sọ́nà ọ̀fun rẹ̀ kí ó sì bó o. Ìtọ́sọ́nà tó wúlò gan-an nìyẹn.

Mo tún mú ológbò ìgboro kan tí ń jẹun lẹ́yìn ilé wa lọ. Kò ṣàìsàn, àmọ́ wọ́n bá bakitéríà mìíràn, Bartonella henselae, lára rẹ̀, èyí tí ìgbẹ́ eégbọn (flea) ń gbé kiri, tó sì lè ti èékánná ológbò wọ ara ènìyàn, kí kókó wú ní abíyá tàbí ọrùn. Dókítà ní eégbọn ni kí n kọ́kọ́ gbógun tì, kì í ṣe kí n máa fún ológbò tí ara rẹ̀ le lóògùn. Owó kan náà tí wọ́n gbà lórí tèmi ni wọ́n gbà lórí ẹni tí kò lólúwa yìí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín in kù fún àwọn tó ń bọ́ ológbò ìgboro, torí ọ̀dọ̀ àwọn ológbò náà ni eégbọn ti ń bọ̀ sílé wa.